Òjòlá Lọ́rùn Mùsílíù

Ká ní ẹsẹ̀ Mùsílíù gbọ́ràn sí i lẹ́nu lọ́jọ́ náà ni, kò bá tí mọ Abísọ́lá títí ayé.

Ilé iṣẹ́ páànù kan ní Ṣàngó-Ọ̀tà ni Mùsílíù ti ń wa fọ́kìlíìfù, ọkọ̀ oníwo tí wọ́n fi ń gbé ẹrù wúwo. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni. Ó ga, ó síngbọnlẹ̀, èjìká rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn géètì. Ẹni tó bá rí i lókèèrè á rò pé ó lè fọwọ́ lásán mú màlúù.

Irọ́ ni. Kò sí ohun tó ń ba Mùsílíù lẹ́rù láyé yìí tó ẹranko. Ó ń sá fún alángbá. Ewúrẹ́ tó bá tẹjú mọ́ ọn ju bó ṣe yẹ lọ, ó ti yà fún un nìyẹn. Ọmọńlé kan bọ́ sínú àpótí aṣọ rẹ̀ rí nínú yàrá tó háyà ní Joju, odindi ọ̀sẹ̀ kan ló fi ń wọ aṣọ iṣẹ́ lọ sí mọ́sálásí. Hafeez, ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́, nìkan ló mọ àṣírí náà, ẹ̀rín ni ó sì máa ń fi í rín.

Ọjọ́ kan ni ọ̀gá wọn ní kí àwọn òṣìṣẹ́ jáde lọ gba afẹ́fẹ́. Ó kó wọn sínú bọ́ọ̀sì, ó di Ọgbà Ẹ̀dá Ìgbẹ́, ọgbà ẹranko kan lójú ọ̀nà Ìdìròkó. Wọn kì í dédé kó ẹranko sínú àgò níbẹ̀ fún ìran wíwò. Èyí tí ìbọn ọdẹ ṣe léṣe, èyí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń nà án sókè fún onímọ́tò lẹ́bàá títì, èyí tí irú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ nínú igbó, àwọn ni wọ́n ń tọ́jú. Bí ara wọn bá yá, wọ́n á dá wọn padà sígbó. Èyí tí kò bá lè padà mọ́ á di ará ilé.

"Orí ń fọ́ mi," Mùsílíù sọ fún Hafeez nínú bọ́ọ̀sì.

"Orí ò fọ́ ẹ. Ṣáà dúró sẹ́yìn Ìyá Bíọ́lá. Ẹranko tó bá fẹ́ rí ẹ, ó máa kọ́kọ́ yí Ìyá Bíọ́lá po ná, ilẹ̀ á ti ṣú."

Ìyá Bíọ́lá ló ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì wọn. Obìnrin náà sanra, ó fẹ̀, ó ṣe é fara pamọ́ sí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Mùsílíù wà nígbà tí wọ́n wo ọ̀bọ, ẹ̀yìn rẹ̀ náà ló wà nígbà tí wọ́n wo ọ̀nì. Ọkàn rẹ̀ ti ń balẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ọmọbìnrin kan jáde láti inú ilé kan, tó gbé òjòlá kọ́rùn bí ẹni gbé ìborùn.

"Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ará wa," ọmọbìnrin náà wí. "Abísọ́lá lorúkọ mi. Èmi ni mò ń tọ́jú àwọn ẹranko afàyàfà níbí. Ẹni tó wà lọ́rùn mi yìí, Arẹwà lorúkọ tiẹ̀. Ta ló máa kọ́kọ́ kí i?"

Kò sẹ́ni tó dúró gbọ́ ìbéèrè náà tán. Akọ̀wé sá, mẹkáníìkì sá. Hafeez tó ń fi ènìyàn ṣe yẹ̀yẹ́ ló kọ́kọ́ wọ bọ́ọ̀sì, ó sì ti fèrèsé. Ìyá Bíọ́lá fúnra rẹ̀ já bàtà sílẹ̀, ó sá eré kan tí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó wà lára rẹ̀. Bí ògiri Mùsílíù ṣe lọ nìyẹn.

Mùsílíù náà fẹ́ sá. Ó pàṣẹ fún ẹsẹ̀ rẹ̀ pé kó jẹ́ káwọn máa lọ. Ẹsẹ̀ kò mira. Orúnkún rẹ̀ ti le bí igi, ẹnu rẹ̀ ti pa dé, ojú rẹ̀ nìkan ló ń ṣí bíi fìtílà. Gbogbo pápá ṣófo, ó wá ku òun, Abísọ́lá àti ejò.

Abísọ́lá wò ó lọ, ó wò ó bọ̀. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í là lójú rẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ̀yin ò sá?"

Mùsílíù kò lè fèsì.

"Mo ti rí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀."

Ó sún mọ́ ọn. Ó gbé ìrù Arẹwà lé èjìká Mùsílíù kan, ó gbé ìyókù lé èkejì. Nǹkan tútù, nǹkan wúwo, nǹkan tó ń rìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lára ènìyàn! Ejò náà yọ ahọ́n sí etí Mùsílíù, ó ń wò ó bí ẹni fẹ́ bi í ní orúkọ bàbá rẹ̀. Mùsílíù fẹ́ kígbe, igbe há sí i lọ́fun. Omi kan ṣoṣo ló rí ọ̀nà jáde lójú rẹ̀, ó ń ṣàn bọ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́.

Abísọ́lá rí omi náà. Ohùn rẹ̀ rọ̀ wọ̀ọ̀.

"Ẹ rí ojú ọgbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, àbí? Ó ṣe yín láàánú. Èmi náà sunkún lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé. Àdá ni wọ́n ṣá a."

Lóòótọ́, àpá gígùn kan wà lẹ́yìn ejò náà. Mùsílíù kò tíì rí i.

Ìgbà tí Abísọ́lá gbé Arẹwà kúrò lọ́rùn rẹ̀ ló tó ráyè wo ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin dúdú tó ń dán, eyín iwájú rẹ̀ ní èjí, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí i bí ẹni pé òun nìkan ni ènìyàn tó kù láyé. Àyà Mùsílíù ń lù kìkì. Ẹ̀rù àti ìfẹ́ ti jọ wọlé pọ̀, kò mọ èwo nínú méjèèjì ló ń lu ìlù yẹn.

"A máa ń gba àwọn tó bá fẹ́ ràn wá lọ́wọ́ ní gbogbo Sátidé," Abísọ́lá wí. "Irú yín la ń wá."

Ẹnu Mùsílíù là fún ìgbà àkọ́kọ́. "Màá wá."

Nínú bọ́ọ̀sì, Hafeez gbá a lórí mú. "Kí lo sọ pé o máa wá ṣe? Ìwọ?"

"Hafeez, mo ti rí ìyàwó mi."

"Ìyàwó wo? Ejò ni mo rí!"

Bẹ́ẹ̀ ni Mùsílíù ṣe di ẹni tó ń lọ sí ọgbà ẹranko lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìjàpá ni ó kọ́kọ́ ní òun á máa wẹ̀, nítorí ìyẹn nìkan ni ẹranko tó dá a lójú pé òun lè sá mọ́ lọ́wọ́. Wọ́n tún fún un ní òòrẹ̀ láti máa bọ́, wọ́n ní kó gbé omi fún àgbọ̀nrín. Nígbàkígbà tí ẹranko kan bá ta kìjí, Mùsílíù á dì gbagidi, kò ní sọ̀rọ̀, kò ní mira. Àwọn ẹranko náà á wò ó títí, á sú wọn, wọ́n á máa bá tiwọn lọ. Abísọ́lá á sì máa yìn ín.

"Àwọn míì á máa pariwo, wọ́n á máa já ẹranko láyà. Ìwọ yàtọ̀. O ní sùúrù, Mùsílíù."

Ní àkókò yẹn, ó ti fi "ìwọ" rọ́pò "ẹ̀yin." Lọ́jọ́ tí Mùsílíù kọ́kọ́ gbọ́ "ìwọ" náà, kò jẹun alẹ́, ayọ̀ ti yó o.

Ọjọ́ kan wà tí wọ́n gbé akika kan dé, tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ tà á, ẹranko kékeré tí ìpẹ́ bo ara rẹ̀ bíi ti ẹja. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ kalẹ̀, ó ká jọ di róbótó.

"Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn," Abísọ́lá ṣàlàyé. "Kì í bunijẹ, kì í sá. Tí ẹ̀rù bá ti bà á, ojú kan náà ló máa wà, á fi orí pamọ́. Wọ́n kàn ń ṣà á nílẹ̀ bí ẹni ń ṣa ọsàn. Ìdí tó fi ń tán nígbó nìyẹn."

Mùsílíù wo akika náà. Ó dà bíi pé ọmọ ìyá òun ló rí. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ara akika náà ń gbọ̀n.

"Ẹ̀rù ń bà á," ó wí jẹ́jẹ́.

"O mọ̀ ọ́n lára," Abísọ́lá wí. Ojú tó fi wò ó lọ́jọ́ náà, ojú olólùfẹ́ ni.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n jọ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń yan bọ̀ọ̀lì nítòsí Tóòlù Géètì Ṣàngó. Mùsílíù ní òun fẹ́ràn rẹ̀. Abísọ́lá ní òun ti mọ̀, òun kàn ń retí kó sọ ọ́ ni.

"Àmọ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan fún ẹ, ayọ̀ mi," ó wí. "Ẹnì kan ti fẹ́ fẹ́ mi rí, Adérẹ̀mí lorúkọ rẹ̀. Ó ní òun ò bẹ̀rù ejò rárá, pé ní kékeré lòun ti ń fi ejò ṣeré. Ọjọ́ tó fojú kan Arẹwà, ó fo fẹ́ǹsì. Kì í ṣe fífò tó fò ló dùn mí. Ta ni kì í bẹ̀rù? Irọ́ tó fi tàn mí ló dùn mí. Mo kọ̀ ọ́."

Mùsílíù gbé odindi bọ̀ọ̀lì mì láìjẹ ẹ́ lẹ́nu.

Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kó ti jẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀. Àmọ́ Abísọ́lá gbórí lé e léjìká, ó fi oríkì pè é, ó ní, "Ìdí nìyí tí ọkàn mi fi balẹ̀ sí ọ̀dọ̀ rẹ, Àkànní." Bí ẹsẹ̀ ṣe kọ̀ fún un lọ́jọ́sí ni ahọ́n ṣe kọ̀ fún un lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn òbí. Ọmọ onílẹ̀ ni Bàbá Àmúdà, bàbá Abísọ́lá, ìran Àwórì pọ́ńbélé láàárín ìlú Ọ̀tà. Ọdẹ paraku ni bàbá tó bí bàbá rẹ̀. Ó máa ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá jókòó sí gbàgede rẹ̀ pé bàbá ńlá òun kojú ẹkùn láìṣẹ́jú.

"Ẹkùn dúró, bàbá dúró," ó sọ fún Mùsílíù. "Ta lo rò pé ó kọ́kọ́ sá?"

Kí Mùsílíù tó dáhùn, àkùkọ kan gun apá àga rẹ̀, ó sì kọ sí i létí gbọnrangandan. Mùsílíù dì. Kò ṣẹ́jú, kò yíjú.

Bàbá Àmúdà mirí. "Ẹ ò rí i? Àkùkọ kọ sí i létí, kò mira. Sùúrù ni baba ìwà. Irú àna tí mò ń bẹ Ọlọ́run fún nìyí!"

Ó ku ìyá Mùsílíù. Ìsẹ́yìn ni Ìyá Àjọkẹ́ ń gbé, orí fóònù ló ti kọ́kọ́ gbọ́ ìròyìn ìyàwó.

"Kí ni iṣẹ́ rẹ̀?"

"Ó ń tọ́jú ẹranko, Màámi."

"Bí adìyẹ?"

Mùsílíù ronú díẹ̀. "Ó fara jọ ọ́."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Adìyẹ lérè. Mò ń bọ̀ wá wò ó lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀."

Mùsílíù bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ọmọ náà wá kí i nílé. Ìyá Àjọkẹ́ ní ìyàwó tí ènìyàn bá fẹ́ mọ ìwà rẹ̀, ẹnu iṣẹ́ ni à ń bá a. Ó dé Ṣàngó tòun ti apẹ̀rẹ̀ èlùbọ́ lórí, ó ní kí ọmọ mú òun lọ.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Bí wọ́n ti wọ inú ọgbà, Abísọ́lá rí wọn, inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé ohun tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ó sáré wá, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ níwájú ìyá ọkọ. Bó ti kúnlẹ̀, Arẹwà náà sọ orí kalẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Màámi."

"A-úsúbílà!" Apẹ̀rẹ̀ èlùbọ́ fò lọ síbìkan, Ìyá Àjọkẹ́ fò lọ síbòmíì. "Adìyẹ rèé? Mùsílíù, adìyẹ rèé?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ̀rù, Mà," Abísọ́lá ń bẹ̀ ẹ́. "Kì í ṣe nǹkan kan. Mùsílíù gan-an máa ń gbé e."

Ìyá Àjọkẹ́ wo ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rù tó bà á, ẹ̀rín bú u.

"Mùsílíù wo? Mùsílíù tèmi yìí? Tí alángbá lé wọ mọ́sálásí lọ́jọ́ Jímọ̀, tó gun mínbárì lọ dì mọ́ lèmọ́mù? Tí ewúrẹ́ jẹ etí agbádá rẹ̀ lọ́jọ́ Iléyá, tó dákú? Ọmọ mi, ẹlòmíràn lo rí."

Abísọ́lá rọra dìde. Ó yíjú sí Mùsílíù.

"Ṣé òótọ́ ni?"

Mùsílíù wolẹ̀. "Òótọ́ ni."

"Ọjọ́ àkọ́kọ́ ńkọ́, tí gbogbo wọn sá?"

"Ẹsẹ̀ mi ló kọ̀."

"Omijé ọjọ́ yẹn ńkọ́?"

"Ẹ̀rù ni."

"Àti àkùkọ bàbá mi?"

Ó hàn lójú Mùsílíù.

"Èmi ò sọ fún ẹ rí pé mi ò bẹ̀rù, Abísọ́lá. Ìwọ lo sọ ọ́."

"Ìwọ náà ò sì sọ rí pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo sọ ọ̀rọ̀ Adérẹ̀mí fún ẹ, o jókòó, ò ń jẹ bọ̀ọ̀lì!" Ó gbé Arẹwà, ó wọlé lọ.

Ìyá Àjọkẹ́ ń kó èlùbọ́ jọ nílẹ̀. "Ó tiẹ̀ dáa bẹ́ẹ̀. Kí n máa wí fún wọn ní Ìsẹ́yìn pé ẹni tó ń sin ejò lọmọ mi fẹ́? Láéláé." Ọjọ́ kejì, iṣẹ́ dé láti ọ̀dọ̀ Bàbá Àmúdà náà: ọkùnrin tó ń sá fún alángbá kò gbọdọ̀ tẹ gbàgede òun mọ́.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, Mùsílíù lọ bẹ Abísọ́lá. Ó bá a níbi tó ti ń fọ adágún omi àwọn ọ̀nì. Abísọ́lá kò bú u, kò pariwo.

"Ẹ máa lọ, Bọ̀dá," ó wí. "Ẹ ṣeun."

Ká ní ó gbá a létí ni, ìbá sàn. "Ẹ" yẹn gún Mùsílíù lọ́kàn ju ọ̀bẹ lọ. Gbogbo ọ̀nà tó fi wọkọ̀ padà sí Joju, ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló ń gbọ́. Láti ọjọ́ náà, Abísọ́lá kò gbé ìpè rẹ̀ mọ́. Mùsílíù rù. Ó ń wa fọ́kìlíìfù bí ẹni ń wa ọkọ̀ òkú, Hafeez pàápàá kò fi í rẹ́rìn-ín mọ́.

Òjò wá rọ̀ gan-an lákòókò yẹn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ariwo ta láti ibi tí wọ́n ń to páànù sí. Òjòlá kan ti wọ́ wọlé láti inú pàǹtí ẹ̀yìn ilé iṣẹ́, ó ká jọ sáàárín páànù, ó ń wá ibi gbígbẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ ti mú irin lọ́wọ́.

"Ẹ pa á! Ẹ fọ́ orí rẹ̀!" ni wọ́n ń wí. Ẹnì kan ti ń pariwo pé òun ló máa mú ìrù.

Hafeez gun orí fọ́kìlíìfù bá Mùsílíù, ó sì gbá a mú. "Ọ̀rẹ́, tan mọ́tò, ká máa lọ!"

Lọ́jọ́ yìí, ẹsẹ̀ Mùsílíù kò kọ̀. Ó yá a lẹ́sẹ̀ ju ti ìgbàkígbà lọ. Ó ti bọ́ sílẹ̀, ó ti dé ẹnu géètì, nígbà tó bojú wẹ̀yìn tó rí irin tó gòkè. Àpá tó wà lẹ́yìn Arẹwà ló wá sí i lọ́kàn. Lẹ́yìn náà, ó rí akika tó ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó padà. Ó gba àárín wọn kọjá, ó dúró síwájú ejò, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Kò sẹ́ni tó máa pa á!" Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín bíi ti òròmọdìyẹ.

"Mùsílíù, kúrò níbẹ̀!"

"Mi ò kúrò. Ẹ̀rù ń bà mí o! Ẹ wo ọwọ́ mi bó ṣe ń gbọ̀n. Alángbá ń bà mí lẹ́rù, ewúrẹ́ ń bà mí lẹ́rù, gbogbo yín ẹ gbọ́ ọ lónìí. Àmọ́ kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Òjò ló lé e wọlé. Hafeez, fóònù rẹ!"

Hafeez ju fóònù sí i. Abísọ́lá gbé e, nítorí kò mọ nọ́ńbà náà.

"Abísọ́lá, èmi ni, jọ̀ọ́, má pa fóònù."

"Kí lẹ fẹ́?"

"Òjòlá ni."

"Níbo?"

"Ẹ̀yìn mi."

"Ìwọ lo dúró síwájú rẹ̀?"

"Wọ́n fẹ́ pa á. Jọ̀ọ́, tètè máa bọ̀. Mi ò mọ ìgbà tí mo máa ṣubú."

"Má kàn án. Má jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ ọn. Mò ń bọ̀, dúró dè mí."

Ọ̀kadà ló gbé Abísọ́lá gba inú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ṣàngó dé, ó ká àpò ìrẹsì sábẹ́ apá. Ó bá Mùsílíù níbi tó wà, òógùn ti bò ó, ó ń ka gbogbo súrà tó mọ̀, ó sì ti ń tún wọn kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Abísọ́lá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tẹ̀ ba, ó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gbá ọrùn ejò náà mú, ó gbé e.

Lẹ́yìn náà ló tó wò ó lójú.

"Ṣé ẹsẹ̀ ẹ ló tún kọ̀ ni?"

"Rárá. Ó ti sá dé géètì. Èmi ni mo dá a padà."

Abísọ́lá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Ó ń sunkún, òjòlá wà lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo ilé iṣẹ́ ń wò wọ́n láti orí páànù.

"Bínú sí mi tó bá wù ẹ́," Mùsílíù wí. "Mo yẹ kí n ti sọ fún ẹ láti ọjọ́ kìíní. Ẹ̀rù pé màá pàdánù rẹ ló bà mí. Ẹ̀rù yẹn tiẹ̀ ju ti ejò lọ."

"Òpònú," Abísọ́lá wí, ó fi èjìká nu ojú. "Wá, bá mi di ẹnu àpò yìí mú."

"Èmi?"

"Ìwọ, olówó orí mi. Dijú tó o bá fẹ́."

Mùsílíù dijú, ó di ẹnu àpò mú. Nínú òkùnkùn ojú rẹ̀ ló ti wá yé e pé "ìwọ" ti padà dé.

Abísọ́lá fúnra rẹ̀ ló lọ kojú bàbá rẹ̀. Bàbá Àmúdà gbọ́ ọ tán, ó fi ọwọ́ na irùngbọ̀n.

"Ọkùnrin tó ń bẹ̀rù alángbá! Bí nǹkan bá wọlé tọ̀ yín, ta ni yóò dáàbò bo ìwọ ọmọ mi?"

"Bàbá, kí ni ẹ rò pé ó lè wọlé tọ̀ wá tí apá mi ò ní ká? Èmi ni màá dáàbò bò ó."

Ìyá Abísọ́lá tó ń ṣa ẹ̀wà létí ògiri gbọ́, ó dá sí i. "Ẹ fún un lọ́kọ rẹ̀. Ṣé ẹkùn tí bàbá ńlá yín kojú ni ẹ ń tìtorí rẹ̀ wí? Ìyá ọkọ mi sọ fún mi pé ìgbà tí wọ́n gbé e délé, ṣòkòtò rẹ̀ kò gbẹ."

Bàbá Àmúdà ní kí obìnrin yìí máa ṣa ẹ̀wà rẹ̀. Àmọ́ lọ́sẹ̀ yẹn náà ló ránṣẹ́ pe Mùsílíù, ó sì so àkùkọ mọ́lẹ̀ kó tó dé.

Ìyá Àjọkẹ́ ni kò rọ̀. Mùsílíù pè é títí, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tẹnu mọ́: kí òun má tún gbọ́ orúkọ ejò. Níkẹyìn, Abísọ́lá ní kí àwọn jọ lọ sí Ìsẹ́yìn.

Ọmọbìnrin tó ń wẹ̀ fún ọ̀nì, bí ọkọ̀ wọn ṣe kọjá Abẹ́òkúta, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn.

"Kí ló dé, adúmáradán mi?" Mùsílíù bi í.

"Màámi yìí ń bà mí lẹ́rù."

"Wọn kì í gé ènìyàn jẹ."

"Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Èyí tó ń géni jẹ, mo mọ ibi tí wọ́n ti ń mú un."

Ìyá Àjọkẹ́ dá wọn lóhùn ìkíni, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Abísọ́lá kò jókòó. Ó wọ ilé ìdáná, ó fọ ìkòkò, ó gún ata, ó ro ọkà, ó se ọbẹ̀ ilá. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n tó fi jẹ́ pé Mùsílíù ló bá a rẹ́ ilá. Nígbà tó gbé oúnjẹ síwájú ìyá, ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, kò dìde.

Ìyá Àjọkẹ́ bu òkèlè kan. Ó jẹ ẹ́. Ó bu òmíràn. Ó wo ẹsẹ̀ ọmọ náà, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó tún bu òkèlè.

"Ta ló kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń ro ọkà?"

"Ìyá mi ni, Mà."

"Kò ní kókó." Ó jẹun lọ díẹ̀. "Ṣé ejò yẹn máa bá yín gbé ilé?"

"Rárá o, Màámi. Inú ọgbà nilé wọn. Kò sí èyí tó máa tẹ̀ lé mi délé, mo búra."

"Hafeez pè mí," ìyá náà wí, kò wo ẹnikẹ́ni lójú. "Ó sọ ohun tí Mùsílíù ṣe níbi iṣẹ́. Mo ní irọ́ ni, ó ní òótọ́ ni. Láti ọjọ́ tí mo ti bí ọmọ yìí, àdúrà tí mò ń gbà fún un ni pé kí Ọlọ́run fún un láyà. Mi ò mọ̀ pé ọ̀nà ibẹ̀ ló máa gbà fún un." Ó fi ọwọ́ ti àwo ẹran síwájú Abísọ́lá. "Dìde, jókòó síbí. Ìyàwó kì í kúnlẹ̀ jẹun nílé mi. Lẹ́yìn Iléyá ni kí ẹ ṣe yìgì yín, kí òjò tó ba ọ̀nà jẹ́ tán."

Mùsílíù dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà. Omi ti gba ojú Abísọ́lá.

Wọ́n jẹun tán. Ìyá Àjọkẹ́ lá ọwọ́, ó mu omi. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá fa ohùn wálẹ̀.

"Èyí tó wà lọ́rùn rẹ lọ́jọ́sí, akọ ni àbí abo?"

"Abo ni, Màámi."

"Ó ti bímọ?"

"Kò tíì bí, Mà. A ti ń retí rẹ̀ láti ọdún tó kọjá."

Ìyá Àjọkẹ́ kẹ́dùn. Kó tó rántí ohun tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti gbé sókè.

"Ọlọ́run á ṣí i nínú," ó wí. "Wẹ́rẹ́ lá á bí i."

"Àmín, Màámi," ni Abísọ́lá dáhùn.